Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà àti Imọ̀ Ọ̀pẹ

Kubwa, Abuja.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Àníkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí Dọ̀tun ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ṣé òtútù Fínlándì ò tíì wọ yín léegun? Ọyẹ́ ti dé bá àwa náà ní Kubwa níbí. Ètè mi ti là, ojú ń ta mí. Níyìolúwa àbúrò rẹ pè láti Ìlọrin, ó ní òun ò ní lè wálé ṣe Kérésì, iṣẹ́ ò jẹ́. Mo ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀wé tán, fóònù ni wọ́n fi ń wálé.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé, tí mo ń fi bírò dá ara mi lágara, tí mo tún máa ya á ní fọ́tò kí n tó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Ìwọ lo fà á. Bí mo bá pè ọ́, a ò tíì kíra tán tí o máa fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dára fún ọmọ gbogbo ayé, èmi nìkan ni kì í dára fún. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó kà á, kí o sì dá mi lóhùn bó ṣe yẹ kí ọmọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

Ìwé ìpè tí mo máa mú lọ sí ẹ́ḿbásì ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án lo ti ní Dọ̀tun ń ṣe é. Mo ti ra òrí, mo ti ra kànrìnkàn, mo ti rán aṣọ ìkókó. Mo tún fi léèsì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó tí mo rán fún oníbàárà mi kan ní Wuse ṣe fìlà kékeré, o ti rí fọ́tò rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ ń dé. Ta ló máa wẹ̀ ẹ́? Ṣé Dọ̀tun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò ni?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Àná ni mo rí fọ́tò ilẹ̀kùn ilé yín tí o gbé sórí Wásáàpù rẹ. Wọ́n gbé òdòdó róbótó kan kọ́ ọ láàrin, ó rí bí òṣùká, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn. Bísí, ta ló kú? Orí pósí ni mo mọ irú òdòdó yẹn mọ́. Irú rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ gbé lé orí pósí bàbá rẹ ní Ìlá. Mo fi han Ìyá Àbdùlràhmọ̀n aládùúgbò wa, òun náà mi orí, ó ní, "Kai, Màmá Bísí, ẹ pè wọ́n." Mo pè ọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Má fi nǹkan pamọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ ará ilé yín kan ló kú, sọ. Bó bá jẹ́ Dọ̀tun ni, sọ. Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀ lórí maṣíìnì láti àná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Támpẹ́rẹ̀, Fínlándì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ maṣíìnì, ẹ kú ìrònú wa. Mo ka ìwé yín, mo rẹ́rìn-ín. Dọ̀tun náà ka ibi tí ẹ ti fẹ́ pa á, ó ní kí n sọ fún yín pé òun ṣì ń mí, òun sì mọ ìkòkò fọ̀.

Òdòdó Kérésì ni, Màmá. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé alájà tí a ń gbé yìí ló ní tirẹ̀. Ewé igi tí wọ́n fi ń ṣe igi Kérésì ni wọ́n ń wé po bẹ́ẹ̀. Màmá Helmi, ìyá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ló wé tiwa. Opó ni. Ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ó yẹ kí ewé tútù wà lẹ́nu ọ̀nà ní àsìkò òkùnkùn. Òkùnkùn náà kì í ṣe àwàdà. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.

Ọdún wọn ò jọ tiwa rárá. Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni wọ́n ń ṣe é gan-an. Wọ́n á fi mílíìkì se ìrẹsì títí á fi rí bí ògì, wọ́n á ju ẹ̀pà òyìnbó kan ṣoṣo sínú ìkòkò, ẹni tó bá bá a nínú àwo tirẹ̀ ni oríire ọdún náà jẹ́ tirẹ̀. Kò sí bángà, kò sí ọmọ tó ń fi aṣọ tuntun yan kiri àdúgbò. Mo bi Màmá Helmi pé aládùúgbò wo ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ fún, ó wò mí títí, ó ní, ṣé ebi ń pa wọ́n ni?

Ẹ má bínú sí òdòdó wa. Ẹ rántí imọ̀ ọ̀pẹ. Gbogbo Kérésì ni Bàbá máa ń gé e lẹ́bàá odò, tí wọ́n á so ó mọ́ géètì lọ́tùn-ún lósì. Imọ̀ ọ̀pẹ náà ni wọ́n so mọ́ iwájú mọ́tò tó gbé wọn lọ sí Ìlá, kí gbogbo ọ̀nà lè mọ̀ pé òkú ló wà nínú rẹ̀. Ewé kan náà ni. Bí ará ibí kan bá rí géètì wa, ṣé kò ní béèrè pé ta ló kú?

Ti ìwé ìpè, ó ku àwọn nǹkan kan tí a ò tíì rí gbà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ìkánjú. Àní ẹ̀yin tí ẹ ò wá wò mí ní Gwagwalada rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní yunifásítì, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ wọ bàálù wá sí Fínlándì.

Àkọ́bí yín,
Bísí.


Kubwa.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá.

Bísí,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Bá mi kí Màmá Helmi. Sọ fún un pé kì í ṣe torí ebi la ṣe ń gbé oúnjẹ fún aládùúgbò. Ìkòkò Ìyá Àbdùlràhmọ̀n tóbi ju tèmi lọ, síbẹ̀ bí ìrẹsì Kérésì mi ò bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa rò pé mo bá òun jà ni. Bí Iléyá bá sì dé, itan àgbò ló ń gbé fún mi.

Ọ̀rọ̀ imọ̀ ọ̀pẹ tí o sọ, ó dùn mí. Láti ìgbà tí mọ́tò yẹn ti gbé bàbá rẹ lọ, mi ò so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ géètì mọ́. Ọdún kẹrin rèé. O ò sí nílé, o ò lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ Gwagwalada, fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà. Kò sí ìkánjú, lo wí. Ta ni kì í kánjú nínú oyún oṣù mẹ́jọ? O sọ ti ìrẹsì, o sọ ti òkùnkùn, o sọ ti òdòdó, o ò sọ ti ikùn. O ò sọ pé ẹsẹ̀ rẹ wú. O ò sọ pé ọmọ ń ta ọ́. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wà nílé yìí, bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ níka, títí dé òpópó ni wọ́n máa ń gbọ́. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ya fọ́tò ara rẹ fún mi lónìí. Mi ò fẹ́ fọ́tò ilẹ̀kùn mọ́.

Ìyá rẹ.


Kubwa.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá.

Oyèbísí,

O ka ìwé mi, mo rí àmì rẹ̀ lórí fóònù, o ò fèsì. Mo pe Dọ̀tun. Ó gbé e, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Màmá, Bísí á kọ̀wé sí yín." Ohùn rẹ̀ ò jọ ohùn ẹni tó ń retí ọmọ.

Aṣọ Kérésì àwọn ọmọ àdúgbò kún orí tábìlì mi. Lánàá, apá ni mo rán mọ́ ibi ọrùn, mo jókòó mo ń tú u. Mi ò bínú sí ọ mọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́, sọ ọ́ fún mi. Èyí tí mi ò mọ̀ yìí ló ń pa mí.

Ìyá rẹ.


Támpẹ́rẹ̀.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejìlá.

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí Ìyá Àbdùlràhmọ̀n bá wà nítòsí, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó tì yín.

Ọmọ náà ti lọ. Ìparí oṣù Kẹwàá ni. Mo jí láàárọ̀, kò ta mí. Mo mu omi tútù, mo jẹ ohun dídùn, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ta mí. A dé ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ wò mí kàn di ọwọ́ mi mú. Mo rọbí bí gbogbo ìyá ṣe ń rọbí, Màmá, kò sí èyí tí wọ́n yọ fún mi nínú ìrora náà. Kò ké. Ọkùnrin ni. Irun rẹ̀ pọ̀, etí Bàbá ló sì gbé wá, etí tó yọ síta yẹn. Wọ́n gbé e fún wa, wọ́n ní kí a gbé e dání títí ó fi máa tẹ́ wa lọ́rùn. A sọ ọ́ ní Ọlọ́runtóbi.

Mi ò lè sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, fọ́tò aṣọ tí ẹ rán á tún wọlé. Ọjọ́ tí fọ́tò fìlà léèsì yẹn dé, mo wọ balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ bi mí pé ta ló kú, mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ kọ́ ni mo pa nípa òdòdó. Òdòdó Kérésì náà ni. Màmá Helmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ó sì rí i pé ilẹ̀kùn tiwa nìkan ni kò ní nǹkan kan lára, ìyẹn ló fi wé e.

Mo fẹ́ tọrọ ohun kan. Àwọn ará ibí ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ìtẹ́ òkú, àyè àwọn ọmọ kéékèèké wà lọ́tọ̀. Bó bá di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, gbogbo ìlú á lọ tan àbẹ́là sórí ibojì àwọn èèyàn wọn, nínú yìnyín. Wọ́n ní ó máa ń mọ́lẹ̀ ju igi Kérésì èyíkéyìí lọ. Òkúta ńlá kan tún wà níbẹ̀ fún ẹni tí òkú rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, a lè tan ti Bàbá níbẹ̀. Màmá Helmi máa bá wa lọ. Mo fẹ́ tan ti ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti dúró níbẹ̀. Ẹ ṣàdúrà fún mi, kí ẹ ní kí n lọ.

Àkọ́bí yín,
Bísí.


Kubwa.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá.

Àníkẹ́ mi,

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ń dá sọ ọ́ nínú yàrá títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ìyá Àbdùlràhmọ̀n wá, ó ń fi Haúsá kí mi pẹ̀lẹ́, "sànnu, sànnu," kò lọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bá mi di Dọ̀tun mú. Àwọn ọkùnrin kì í mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún.

Ọlọ́run á rọ́pò rẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. O wà láàyè, ẹ ó tún bí, ilé yín á kún. Àánú tí mo rí gbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí o tọrọ yẹn, mi ò lè fún ọ. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má lọ. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi ibẹ̀ han ìyá nílé wa, kó má baà máa padà síbẹ̀. Mi ò bú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n ní ìṣe tiwọn. Kí ọmọ tan àbẹ́là fún bàbá rẹ̀, ó dáa. Bí ìyá bá ń tan án fún ọmọ, ayé ti dorí kodò nìyẹn. Kérésì sì ni, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ la ń rántí. Jókòó sílé, jẹ́ kí Màmá Helmi nìkan lọ. Orúkọ yẹn náà, má máa pè é mọ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.


Támpẹ́rẹ̀.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá.

Màmá,

Ẹ ṣé fún àdúrà.

Kì í ṣe omi, Màmá. Mo gbé e dání, ó wúwo lọ́wọ́ mi, ó ní etí. Ẹ ní kí n má pe orúkọ rẹ̀. Bí èmi ò bá pè é, ta ló máa pè é? Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Gbogbo ọmọ tí ẹ bí ló wà láàyè.

Dọ̀tun ní ohun tí mo bá fẹ́ ni ká ṣe. Mi ò lè kọjá ọ̀rọ̀ yín lọ síbẹ̀, mi ò sì lè jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí kò bímọ rí. Mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ ná.

Bísí.


Kubwa.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejìlá.

Oyèbísí mi,

Mo kí ọ o. Mo ti kọ ìwé yìí, mo ti fà á ya, mo tún ti kọ ọ́. O ní gbogbo ọmọ tí mo bí ló wà láàyè. Kò sẹ́ni tó sọ òmíràn fún ọ, kí ni ǹ bá bínú sí?

Mo bí obìnrin kan ṣáájú rẹ. A ò tíì dé Kubwa nígbà yẹn, Gwagwalada là ń gbé, bàbá rẹ ń bá ẹnì kan wa bọ́ọ̀sì. Àsìkò ọyẹ́ báyìí ni, Kérésì ò jìnnà. Ara ọmọ gbóná lálẹ́, nígbà tó fi máa di àárọ̀ kò gba ọmú mọ́. Ìkómọ rẹ̀ ti sún mọ́lé, a ti pe èèyàn, mo ti rán aṣọ. Àwọn àgbà obìnrin inú ilé ká mi mọ́ yàrá, bàbá rẹ àti àwọn ọkùnrin gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tó wọlé, yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní, níbo ni? Ó ní wọ́n ní òun ò gbọdọ̀ sọ. Mi ò tún bi í mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìlá nínú ikùn rẹ̀.

Ó ti gé imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà kí gbogbo rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ó bi mí pé kí òun dà á nù ni? Mo ní kó so ó. Ọdọọdún ló ń so ó láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gé e. Ẹ̀yin ọmọ rò pé Kérésì nìkan ló ń so ó fún. Èmi àti ẹ̀ jọ ń wò ó, a kì í sọ nǹkan kan.

O máa ń bá mi ṣàwàdà pé mi ò wá wò ọ́ ní Gwagwalada. Mo wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, mo gbé oúnjẹ dání. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ilé ti kún gbogbo ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti kún ibẹ̀. Mi ò mọ ibi tó yẹ kí n má tẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà, mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Wọ́n ní torí kí ìyá má baà máa padà síbẹ̀ ni wọn kì í fi í fi han án. Bísí, mò ń padà síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò kàn mọ ọ̀nà ni.

Nítorí náà, lọ. Kí ìwọ mọ ọ̀nà tìrẹ. Tan àbẹ́là fún ọmọ rẹ, pe orúkọ rẹ̀ kí etí bàbá rẹ tó gbé wá yẹn gbọ́. Ọlọ́run á dúró tì ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbọ̀n. Mo gba ọ̀rọ̀ omi yẹn padà.

Òkúta tí o ní ó wà fún ẹni tí òkú rẹ̀ wà níbòmíràn, ṣé wọ́n ń gba ti ẹni tí kò mọ ibi tí òkú òun wà? Bí wọ́n bá gbà, tan ọ̀kan síbẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ. Iredélé ni orúkọ tí a fẹ́ sọ ọ́. A ò rójú sọ ọ́. Mi ò tíì pè é jáde lẹ́nu láti ìgbà náà.

Lónìí, mo rán àwọn ọmọ àdúgbò lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo so ó mọ́ géètì fúnra mi. Ìyá Àbdùlràhmọ̀n ló di àga mú fún mi.

Ìyá rẹ.


Támpẹ́rẹ̀.
Ọjọ́ Kérésì, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìrántí, ẹ kú gbogbo ohun tí ẹ ti ń dá gbé láti ọjọ́ yìí wá. Mo ka ìwé yín fún Dọ̀tun sókè, mi ò lè kà á parí, òun ló parí rẹ̀.

A lọ lánàá. Iná kún ilẹ̀, Màmá, kékeré kékeré, títí dé ibi tí ojú lè dé, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́runtóbi la kọ́kọ́ dé. Atẹ́gùn pa àbẹ́là náà, Dọ̀tun bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bò ó títí tó fi gbiná. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní fìlà léèsì yẹn o, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín.

Láàárọ̀ yìí mo se ìrẹsì, mo gbé e fún àwọn aládùúgbò. Ọkùnrin ilé kejì ò kọ́kọ́ mọ ohun tó máa fi ṣe, ó béèrè bóyá mo ṣìnà dé ọ̀dọ̀ òun ni. Nígbà tó yá, ó da abọ́ mi padà, ó fi ọsàn sínú rẹ̀.

Ní ibi òkúta náà lánàá, kò sẹ́ni tó bi wá pé níbo ni òkú wa wà. A tan ti Bàbá. Mo wá tan èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, mo pe Iredélé lẹ́ẹ̀mẹta, mo pè é sókè nítorí yín. Màmá Helmi bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ọmọ yín kejì,
Oyèbísí.